Ìjọ Tí A Ń Pè ní Mọ́mọ́nì àti Ilẹ̀kùn Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Ṣí

Púpọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti bá wọn pàdé lójú pópó: ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n wọ ẹ̀wù funfun, tí wọ́n so táì mọ́rùn, tí pátákó orúkọ dúdú kékeré sì wà láyà wọn. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn. Wọn a kí ènìyàn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn a sì béèrè bóyá a ní àyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, ìbéèrè a bẹ̀rẹ̀. Ṣé Kristẹni ni wọ́n? Ṣé àwọn ni ó máa ń kó obìnrin jọ? Ṣé àwọn kọ́ ni wọ́n kọ ènìyàn dúdú nígbà kan rí?

Àwa tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà, a kò sì gba gbogbo ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n a jẹ gbèsè òtítọ́ kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìjọ wa pé olóbìnrin púpọ̀ ni àwọn Mọ́mọ́nì títí di òní. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni bàbá kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ náà wá sí ọ́fíìsì wa. Kò bínú rárá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, alàgbà. Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo ní. Bí mo bá fẹ́ èkejì, wọn yóò yọ mí kúrò nínú ìjọ ni." Ojú tì wá. A tún ọ̀rọ̀ náà ṣe nínú ìtẹ̀jáde tí ó tẹ̀lé e, ní ìlà méjì péré nísàlẹ̀ ojú-ewé tó kẹ́yìn, a kò sì fi "ẹ má bínú" kún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti kọ ohun tí a mọ̀ dájú nípa ìjọ yìí.

Orúkọ wọn

Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ní kíkún ni Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. "Mọ́mọ́nì" jẹ́ ìnagijẹ tí àwọn ará ìta fún wọn nítorí Ìwé ti Mọ́mọ́nì tí wọ́n ń kà. Ní ọdún 2018, Russell M. Nelson, tí ó jẹ́ ààrẹ ìjọ náà nígbà náà, rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa lo orúkọ kíkún. Bí a bá lo ìnagijẹ náà níhìn-ín, nítorí kí ìtàn lè yé ni, kì í ṣe láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti inúnibíni

Ọmọ àgbẹ̀ ni Joseph Smith tí ó dá ìjọ náà sílẹ̀. A bí i ní ọdún 1805 ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Ìdílé rẹ̀ ṣí lọ sí agbègbè Palmyra ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí ìsọjí ti ń gbóná, tí àwọn ìjọ sì ń bá ara wọn du ọmọ ìjọ. Ó jẹ́rìí pé ní ọdún 1820 òun lọ gbàdúrà nínú igbó, pé Baba àti Ọmọ fara hàn òun, tí wọ́n sì ní kí òun má ṣe darapọ̀ mọ́ ìkankan nínú àwọn ìjọ náà. Lẹ́yìn èyí, ó ní áńgẹ́lì kan tí ń jẹ́ Moroni fi àwọn àwo wúrà han òun, àti pé nípa agbára Ọlọ́run ni òun fi túmọ̀ wọn. Ìwé tí ó ti ibẹ̀ jáde ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì, tí a tẹ̀ ní Palmyra ní ọdún 1830. Ó sọ ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n ti Jerúsálẹ́mù lọ sí Amẹ́ríkà, àti bí Krístì ṣe bẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn àjíǹde Rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà kò gbà pé ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú àwọn ọmọ ìjọ, Ìwé Mímọ́ ni, ó ń ti Bíbélì lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún kan náà ni wọ́n dá ìjọ sílẹ̀.

Wọn kò rí ìsinmi. Wọ́n lọ sí Ohio, wọ́n kọ́ tẹ́mpìlì àkọ́kọ́ sí Kirtland, wọ́n yà á sí mímọ́ ní ọdún 1836. Ní Missouri, Gómìnà Lilburn Boggs pàṣẹ ní oṣù kẹwàá ọdún 1838 pé kí a lé wọn kúrò tàbí kí a run wọ́n. Ó di ọdún 1976 kí ìpínlẹ̀ náà tó pa àṣẹ náà rẹ́. Ní Illinois, wọ́n tẹ ìlú Nauvoo dó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1844, àwọn jàǹdùkú ya wọ ẹ̀wọ̀n Carthage, wọ́n sì yìnbọn pa Joseph àti Hyrum ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Brigham Young ni ó kó àwọn ènìyàn náà la aginjù kọjá, wọ́n sì dé àfonífojì Salt Lake ní oṣù keje ọdún 1847. Ní ọdún 1856, ẹgbẹ́ méjì tí ń fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ ẹrù pẹ́ kí wọ́n tó gbéra. Yìnyín ká wọn mọ́ ọ̀nà, ó lé ní igba ènìyàn tí ó kú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a pọ́n lójú lè pọ́n ẹlòmíràn lójú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1857, àwọn ológun Mọ́mọ́nì pa nǹkan bí ọgọ́fà arìnrìn-àjò ní Mountain Meadows, ní gúúsù Utah. A kò lè sọ ti ìṣáájú kí a fi ti ìkẹyìn pamọ́.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́

Wọ́n gbàgbọ́ nínú Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, tí ète wọn jẹ́ ọ̀kan, àti pé Baba ní ara ẹran àti egungun. Wọn kò gba Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ ti Nicea. Níbí ni ọ̀nà wọn ti yà kúrò ní ti ọ̀pọ̀ ìjọ. Ní ọdún 2001 ni Ìjọ Kátólíìkì kéde pé òun kò ka ìrìbọmi wọn sí. Wọn kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Omi ni wọ́n ń lò nínú oúnjẹ Olúwa dípò wáìnì. Wọ́n gbà pé wòlíì àti àpóstélì méjìlá ṣì ń darí ìjọ lónìí.

Nínú tẹ́mpìlì ni wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń rì bọmi nítorí àwọn òkú tí kò gbọ́ ìhìnrere yìí láyé. Wọ́n ní òkú náà lómìnira láti gbà á tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá ìtàn ìdílé kiri, débi pé wọ́n rán ènìyàn lọ sí àwọn ìlú ní Nàìjíríà àti Ghana láti gba orúkọ àwọn baba ńlá lẹ́nu àwọn àgbà. A kò bá wọn gba ẹ̀kọ́ ìrìbọmi òkú. Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá, tí a ń fi oríkì pe ẹni tí ó ti kú láti ọgọ́rùn-ún ọdún, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé ẹnìkan kò fẹ́ kí orúkọ baba rẹ̀ parun.

Ìgbé-ayé wọn

Láti ọdún 1833 ni wọ́n ti gba ẹ̀kọ́ tí ó dá ọtí, tábà, tíì àti kọfí dúró. Àwa tí a ń pe Mílò pàápàá ní tíì gbọ́dọ̀ kíyè sí i pé ewé tíì gan-an ni wọ́n kọ̀. Mílò kì í ṣe èèwọ̀ wọn. Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá. Ní ọjọ́ Ìsinmi kìíní oṣù, wọn a gbààwẹ̀ oúnjẹ ẹ̀ẹ̀méjì, wọn a sì fi owó oúnjẹ náà fún aláìní. Alẹ́ ọjọ́ Ajé jẹ́ ti ìdílé: orin, ẹ̀kọ́ àti àdúrà nínú ilé. Bíṣọ́ọ̀pù ìjọ ìbílẹ̀ kì í gba owó oṣù. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tàbí oníṣòwò. Àwọn ọmọ ìjọ, tọkùnrin tobìnrin àti ọ̀dọ́, ni ó ń wàásù fún ara wọn. Ẹni tí ìlù àti àtẹ́wọ́ bá ti mọ́ lára yóò rí i pé ìsìn wọn pa rọ́rọ́.

Ọ̀ràn ìkóbìnrinjọ

Òtítọ́ ni pé Joseph Smith bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní gbangba ní ọdún 1852. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin gbógun tì wọ́n, títí Ààrẹ Wilford Woodruff fi kéde ní ọdún 1890 pé kí a dáwọ́ dúró. Àwọn tí ó ṣì ń ṣe é ti yapa kúrò lára wọn. Ẹ wo bí ìtàn ṣe rí: ní ọdún 1891, ọdún kan lẹ́yìn ìkéde náà, ni àwọn ọmọ Áfíríkà ní Èkó dá United Native African Church sílẹ̀, tí wọ́n sì fàyè gba olóbìnrin púpọ̀. Nígbà tí àwọn Mọ́mọ́nì dé Nàìjíríà, àwọn ni kì í ri olóbìnrin méjì bọmi.

Ilẹ̀kùn tí a tì

Nísinsin yìí a dé orí ọ̀ràn tí ó wúwo jù. Ní ọdún 1836, wọ́n fi ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Elijah Abel, joyè alàgbà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1852, Brigham Young kéde pé ọkùnrin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò gbọdọ̀ gba oyè àlùfáà mọ́. A sì ti ìlànà tẹ́mpìlì mọ́ tọkùnrin tobìnrin wọn. Àwọn olùkọ́ni wá àlàyé fún un. Wọ́n ní ègún Kéènì ni. Jane Manning James, obìnrin dúdú tí ó ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn lọ bá wọn ní Nauvoo, tọrọ ìlànà tẹ́mpìlì léraléra. Ní ọdún 1894, ohun tí wọ́n gbà láti ṣe fún un ni pé wọ́n so ó mọ́ ìdílé Joseph Smith gẹ́gẹ́ bí ìránṣẹ́. Ó kú ní ọdún 1908, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ èyí tí ó ń fẹ́. Ìgbà tí ó di ọdún 1979 ni wọ́n ṣe é fún un, ó ti wà nínú ibojì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn náà láti Nàìjíríà. Ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ìwé ìjọ náà bọ́ sí lọ́wọ́ kọ lẹ́tà sí Salt Lake, wọ́n sì ń pé jọ ní orúkọ rẹ̀ kí aṣojú kankan tó dé. LaMar Williams wá bẹ̀ wọ́n wò ní ọdún 1961. Nígbà tí ìròyìn ìdènà náà wọ ìwé ìròyìn, ìjọba kọ̀ láti fún wọn ní ìwé ìwọlé. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Anthony Obinna, tí ó jẹ́ olùkọ́, lá àlá ilé ńlá kan ní ọdún 1965. Nígbà ogun, ó rí àwòrán ilé náà nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan: tẹ́mpìlì Salt Lake ni. Ó kọ̀wé, ó sì dúró.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1978, Ààrẹ Spencer W. Kimball kéde pé Ọlọ́run ti fi hàn pé kí a fi oyè àlùfáà fún gbogbo ọkùnrin tí ó yẹ, láìka àwọ̀ sí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n ri ènìyàn mọ́kàndínlógún bọmi. Obinna ni ó ṣíwájú. A ya tẹ́mpìlì Aba sí mímọ́ ní ọdún 2005, a sì kéde ti Èkó ní ọdún 2018. Ìwé ti Mọ́mọ́nì sì ti wà ní èdè Yorùbá.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ọdún mẹ́rìndínláàádóje ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì, Ìwé Mímọ́ ni a sì fi dè é. Ní ọdún 2013, ìjọ náà tẹ àlàyé kan jáde tí ó kọ gbogbo ẹ̀kọ́ ègún wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sí ìtọrọ àforíjì nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú sì ń wọ̀nà fún un.

Kí a tó fi ìka hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan àyà tiwa. Àwọn wo ni a ti dá dúró lẹ́nu ọ̀nà tiwa, tí a sì wá ẹsẹ Bíbélì fún un? Ìjọ tí ó tún àṣìṣe ṣe láìjẹ́wọ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó fi ẹní bo ihò inú ilé. Ẹsẹ̀ ẹlòmíràn yóò tún yọ́ sí i. A lè kọ ẹ̀kọ́ ẹnìkan, kí a má sì purọ́ mọ́ ọn.

Nítorí náà, ohun tí a kò kọ nínú ìlà méjì wọ̀nyẹn, a kọ ọ́ lónìí. Bàbá, ẹ má bínú. Àwa ni a ṣìnà. Kí Olúwa kọ́ gbogbo wa láti máa ṣí ilẹ̀kùn ní àkókò. Àmín.