Rọ́ọ̀mù Barbados àti Ògógóró Tí Òfin Lé Wọgbó

Ní erékùṣù Barbados, lójú òkun Karíbíánì, àwọn onímọ́tò kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n kó àlejò sínú bọ́ọ̀sì, kí wọ́n sì máa gbé wọn láti ilé ọtí kan dé òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Erékùṣù náà kò tóbi. Òòró rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 34 lọ, bọ́ọ̀sì kan lè yí i ká tán lóòjọ́. Àwọn ilé ọtí náà kì í ṣe ilé ńláńlá. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni púpọ̀ nínú wọn, tí a fi ọ̀dà aláràbarà kùn, tí ìrẹsì àti ẹja oníyọ̀ ń bá ìgò rọ́ọ̀mù gbé orí pẹpẹ kan náà. Àwọn àgbà ọkùnrin a máa ta dómínò níbẹ̀, àwọn olóṣèlú kì í sì í fo ibẹ̀ nígbà ìbò. Àlejò ń sanwó láti wò wọ́n, nítorí ogún ìran ni àwọn ará ibẹ̀ kà wọ́n sí.

Ẹni tí ó bá wọkọ̀ ní Ọ̀wọ̀, tí ó dorí kọ Ìfọ́n lójú ọ̀nà Benin, tí ó sì yà sí àgbègbè Upenmen, lè rí ohun tí ó fara jọ èyí láìsanwó ìwòran. Abà onímọ̀ ọ̀pẹ, àga onípákó, ẹmu tí ń hó nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn àgbẹ̀ tí ń jiyàn ọ̀rọ̀ ìlú lẹ́yìn iṣẹ́ oko. Ẹmu kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ògógóró ni ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Ìhà Ìlàjẹ àti Ìrèlè, níbi tí igi ògùrọ̀ ti kún inú àbàtà, ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń gòkè wá, àwọn tí ń gbé e kiri sì ti mọ ohun tí à ń pè ní sísá fún ọlọ́pàá.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a ń gbà pọn ọtí méjèèjì. Oje dídùn ni a ń jẹ́ kí ó kan. A ó gbé e kaná, ooru rẹ̀ yóò gba inú ọ̀pá tí omi tútù yí ká, yóò sì máa kán tótó sínú ìgò. Ti Barbados, oje ìrèké tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a bá ṣe ṣúgà tán ni. Ti ìhín, ẹmu ni. Kódà, ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni ó kọ́kọ́ pọn rọ́ọ̀mù yẹn nínú oko ìrèké àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ilé ìpọntí Mount Gay ń fi ìwé ọdún 1703 yangàn títí di òní. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń gba ìwọ̀n rọ́ọ̀mù tiwọn lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí ó di ọdún 1970 kí wọ́n tó dá a dúró.

Kí ló dé tí ìjọba kan náà fi lé ògógóró wọgbó?

Ọ̀rọ̀ owó ni. Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, owó bodè orí jíìnì tí a ń kó wọlé láti òkè òkun ni òpó tí ó gbé àpò ìjọba Gúúsù Nàìjíríà ró; nǹkan bí ìdajì owó tí ń wọlé ni. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell àti àwọn oníwàásù mìíràn pariwo pé ọtí náà ń ba ìlú jẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní ọdún 1909. Ìgbìmọ̀ náà sì dá òwò jíìnì láre. (Kí a má gbàgbé pé sínáàpù ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì fi ń tọrọ ìyàwó, tí wọ́n sì fi ń tọ́rọ́ sílẹ̀ fún baba ńlá wọn.) Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè alágbára ṣe àdéhùn Saint-Germain ní ọdún 1919, wọ́n fòfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì fòfin de ọtí pípọn nílẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú. Jíìnì olówó gọbọi ṣì ń wọlé ní tirẹ̀.

Ọ̀dá owó ti àwọn ọdún 1930 ni ó tú àṣírí òfin náà. Owó epo pupa àti ti kòkó já wálẹ̀, apá kò ká ọtí òyìnbó mọ́, àwọn ènìyàn bá kọjú sí ẹmu àti ògùrọ̀. Ògógóró tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́. Owó bodè ń fò lọ lójú ìjọba, ọlọ́pàá ń fọ́ ìkòkò nínú igbó, adájọ́ ń bu owó ìtanràn, àwọn mìíràn ń ṣẹ̀wọ̀n. Orúkọ tí ìwé ìjọba fún un ni ọtí tí kò bófin mu. Kò sí ẹni tí ó kọ́ apọntí bí yóò ṣe mú un mọ́, torí a kì í kọ́ ọ̀daràn níṣẹ́. Òmìnira dé ní ọdún 1960, òfin náà kò bá òyìnbó wọkọ̀ lọ.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà. Orí fífọ́, ojú ṣíṣú, ikú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ni ó ń bínú. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni àyẹ̀wò fi hàn, oró tí ó jọ ọtí lójú àti lẹ́nu, tí ó ń fọ́ni lójú kí ó tó pani. Ọtí ìbílẹ̀ tí ó lóró bẹ́ẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Rivers náà. Ní oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fòfin de ògógóró. Ohun tí a ti ṣe ní ọdún 1919 ni a tún ṣe.

Kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi padà sídìí ìgò. Ní Barbados, orúkọ ilé ìpọntí àti bí ọtí ti le tó wà lára ìgò tí bọ́ọ̀sì ń gbé àlejò lọ mu. Kẹ́ẹ̀gì tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìfọ́n kò ní àkọlé kankan, ẹni tí ń ta á pàápàá kò sì mọ ẹni tí ó pọn ọ́n.