Bí Àìná Ọnàbólú Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ọ̀dà Olóòróró

Iṣẹ́ ọnà ti wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kí ìwé tó débẹ̀. Ní agbo ilé Adúgbológe l'Abẹ́òkúta, ọmọ-iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá, a sì máa gbẹ́ irú ère tí ọ̀gá gbẹ́, títí ọwọ́ tirẹ̀ náà yóò fi mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé, wọ́n dá ilé-ìwé sílẹ̀. Ní 1859, Henry Townsend, ọ̀kan nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn l'Abẹ́òkúta. Àmọ́ akọ̀wé, olùkọ́ àti oníwàásù ni ilé-ìwé wọ̀nyí ń wá, nítorí náà kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni wọ́n tẹnu mọ́. Àwòrán yíyà kò sí lára ẹ̀kọ́, wọ́n sì ka ère gbígbẹ́ sí iṣẹ́ abọ̀rìṣà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ àwòrán yà bí Òyìnbó ní láti kọ́ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àìná Ọnàbólú ṣe, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òdé tí a bí ní 1882. Láti ìgbà ọmọdé ni ó ti ń wo àwòrán inú ìwé àti ìwé ìròyìn Òyìnbó yà. Nígbà tí ó di akọ̀wé Kọ́sítọ́ọ̀mù l'Ékòó, kò fi í sílẹ̀. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, tí a ṣì ń mẹ́nu bà dòní.

Wíwo iṣẹ́ àgbà yà wọ́pọ̀ ní Yúróòpù pẹ̀lú. Láti 1793 tí a ti ṣí Louvre ní Paris fún ará ìlú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe é níbẹ̀. Àwòrán kan tí ó wà níbẹ̀ ni èyí tí ayàwòrán ará Faransé, François Boucher, yà ní 1742: Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù bí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti jẹ́ láàrin wa, ń sinmi lẹ́yìn ìwẹ̀. Ẹni tí yóò fi ọ̀dà olóòróró ya irú rẹ̀ a kọ́kọ́ fa ìlà ara, a fi ọ̀dà tí a fi tọpẹntáìnì là kun ibi tó ṣókùnkùn, a sì dúró kí ó gbẹ kí ó tó kan ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà. Òróró ipele òkè gbọ́dọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú àwòrán yóò sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ ní ìgbà ọyẹ́.

Ní 1920, Ọnàbólú lọ sí St John's Wood Art School ní London, ó sì tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó ń kọ́ni ní King's College àti CMS Grammar School l'Ékòó, ó sì ń rọ ìjọba pé kí wọ́n fi olùkọ́ kún un.

Olùkọ́ Òyìnbó kan, Kenneth Murray, dé ní 1927, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ yàtọ̀: ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ya ohun tó wà láyìíká wọn, kí wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì pàdé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọnà ní Zaria dá ẹgbẹ́ Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, tí Yusuf Grillo àti Bruce Onobrakpeya wà lára wọn. Wọn kò kọ ọ̀dà olóòróró sílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí iṣẹ́ Òyìnbó nìkan máa jẹ́ àwòkọ́ṣe.