Ọ̀fẹ́ Kì í Ṣe Òmìnira: Ìtàn Sọ́fítíwíà Ọ̀fẹ́ fún Kọ̀ǹpútà Ilé

Yorùbá kì í da ọ̀fẹ́ pọ̀ mọ́ òmìnira. Ohun tí a gbà láìsan kọ́bọ̀ ni ọ̀fẹ́. Ipò ẹni tí kò sí lábẹ́ ìdè ẹlòmíràn ni òmìnira. Bí a bá fún ènìyàn ní agbádá lọ́fẹ̀ẹ́, tí a wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ bí ó bá ya, pé kò gbọdọ̀ gé e kù bí ó bá gùn jù, kò sì gbọdọ̀ yá àbúrò rẹ̀, onítọ̀hún ti rí ẹ̀bùn gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbádá náà kò tí ì di tirẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, free, ni ó ń dúró fún ọ̀fẹ́ àti fún òmìnira. Ìdí nìyí tí ẹni tí ń wá sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ fi lè rí ọ̀kan gbà, kí ó sì rò pé òun ti rí èkejì.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ṣọ̀wọ́n kí a ta sọ́fítíwíà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá, owó rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni apá wọn ká a. Ní ọdún 1955, àwọn tí ń lo ẹ̀rọ IBM ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní SHARE, kí wọ́n lè máa ṣe pàṣípààrọ̀ ohun tí oníkálukú kọ fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí ẹnìkan ti ṣe tán, kò yẹ kí ẹlòmíràn tún máa làágùn lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969 ni IBM kéde pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ta díẹ̀ nínú sọ́fítíwíà òun lọ́tọ̀. Láti ìgbà náà ni sọ́fítíwíà ti ń di ọjà tí ó dá dúró.

Ìjà náà wọ inú ilé nígbà tí kọ̀ǹpútà kékeré dé. Ní ọdún 1975, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní Altair 8800, Bill Gates àti Paul Allen sì kọ èdè BASIC fún un. Àwọn olùfẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pàdé ní California ṣe àdàkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pín in fún ara wọn. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, Gates kọ lẹ́tà ìta gbangba sí wọn pé olè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jà. Ó bi wọ́n léèrè pé ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ amòye láìgba owó.

Ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yẹ kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mìíràn ti ń jáde ní California kan náà. Dennis Allison, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Stanford, ti ṣe ìlànà BASIC kékeré kan, Tiny BASIC. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde sínú ìwé ìròyìn kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè parí rẹ̀ fún ẹ̀rọ tirẹ̀, kí ó sì fi èyí tí ó bá ṣe ránṣẹ́ padà fún àwọn òǹkàwé yòókù. Tom Pittman ta tirẹ̀ ní dọ́là 5 péré. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti kọ́.

Ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìlànà ni Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kan ní MIT. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Xerox fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ta wọ́n lọ́rẹ. Ìwé a máa há sínú ẹ̀rọ náà. Stallman ti tún sọ́fítíwíà ti àtẹ̀yìnwá ṣe kí ó lè máa kéde nígbàkigbà tí nǹkan bá há, ṣùgbọ́n kò rí kóòdù ti èyí, ìyẹn àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ènìyàn lè kà kí ó sì tún ṣe. Ó bẹ onímọ̀ kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon tí kóòdù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onítọ̀hún kọ̀, nítorí pé ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bùn ni ẹ̀rọ náà, síbẹ̀ àwọn tí a fi ta lọ́rẹ kò lágbára láti tún un ṣe.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU. Òmìnira mẹ́rin ni ó wá di ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà: kí ènìyàn lè lo sọ́fítíwíà fún ohunkóhun tí ó bá fẹ́, kí ó lè wo inú rẹ̀ kí ó sì tún un ṣe, kí ó lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì lè pín èyí tí ó ti tún ṣe. Ìwé àṣẹ tí a ń pè ní GPL, tí ó jáde ní ọdún 1989, fi òfin dè é pé ẹni tí ó bá pín irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba òmìnira yìí lọ́wọ́ ẹni tí ó pín in fún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 21 ní Helsinki ní Finland, kéde Linux. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ó fi í sábẹ́ GPL. Nígbà tí a so Linux pọ̀ mọ́ iṣẹ́ GNU, kọ̀ǹpútà ilé lè ṣiṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ dé òkè lórí sọ́fítíwíà òmìnira.

Ọ̀fẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1982, Andrew Fluegelman jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe àdàkọ sọ́fítíwíà rẹ̀, PC-Talk, ó sì bẹ ẹni tí ó bá wúlò fún pé kí ó fi dọ́là 25 ránṣẹ́. Ó pe ọ̀nà yìí ní freeware. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ọ̀rọ̀ náà di orúkọ fún sọ́fítíwíà tí a kì í sanwó fún, ṣùgbọ́n tí olówó rẹ̀ fi kóòdù rẹ̀ pa mọ́.

Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì kì í hàn ní ọjọ́ tí a gba nǹkan. Ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá yí ọkàn padà ni ó máa ń hàn. Ọ̀fẹ́ ni Picasa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi to fọ́tò sínú kọ̀ǹpútà ilé wọn. Nígbà tí Google dá a dúró ní ọdún 2016, kò sí ẹni tí ó lè gba iṣẹ́ náà ṣe, nítorí pé kóòdù rẹ̀ kò sí níta. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé OpenOffice.org. Ilé-iṣẹ́ Star Division ní Jámánì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Sun rà á ní ọdún 1999, ó sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2000. Nígbà tí Oracle ra Sun ní ọdún 2010, ọkàn ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Wọ́n mú kóòdù náà, wọ́n sì dá LibreOffice sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Ẹnikẹ́ni kò pàdánù ìwé tí ó ti kọ.

Fún ẹni tí ń kọ èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kan ni gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà kan rí, fọ́ǹtì àkànṣe ni a fi ń tẹ Yorùbá; irú fọ́ǹtì bẹ́ẹ̀ a máa fi ẹ àti ọ sí ipò àmì mìíràn. Bí olùkọ́ bá tẹ ìbéèrè ìdánwò nílé, tí ó sì ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, àmì játijàti ni yóò bá níbẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ọkọ, ọkọ́ tàbí ọ̀kọ̀ ni ó ní lọ́kàn. Láti ọdún 1993 ni Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: a ní láti fi àmì ohùn lé orí lẹ́tà, fọ́ǹtì tí kò bá sì mọ ọ̀nà rẹ̀ yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́.

Òmìnira ṣe ohun tí ọ̀fẹ́ nìkan kò lè ṣe níbí. Ní ọdún 2003, ilé-iṣẹ́ Bitstream gbé fọ́ǹtì Vera jáde pẹ̀lú àṣẹ pé a lè tún un ṣe. Kò ní lẹ́tà abẹ́-àmì. Ní ọdún 2004, Štěpán Roh bẹ̀rẹ̀ DejaVu láti ara rẹ̀, àwọn mìíràn dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n sì fi lẹ́tà àwọn èdè tí Vera fi sílẹ̀ kún un, títí kan ẹ, ọ àti ṣ. Wọn kò dúró de ìgbà tí olówó Vera yóò rí èrè nínú rẹ̀. Fọ́ǹtì Gentium, tí Victor Gaultney yà, di òmìnira ní ọdún 2005. Keyman, tí ó ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, jẹ́ títà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí àjọ SIL gbà á ní ọdún 2015 ni ó di ọ̀fẹ́ àti òmìnira.

Ilé tí ó ní kọ̀ǹpútà kan lè rí ohun púpọ̀ ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba díẹ̀: LibreOffice fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, Firefox fún íntánẹ́ẹ̀tì, VLC fún fíìmù àti orin, GIMP fún àwòrán, Audacity fún gbígba ohùn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ìwé tí a fi Word ṣe lè yí ìrísí padà díẹ̀ nínú LibreOffice, ó sì yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí a ti gbà á ṣe pàtàkì bákan náà. SourceForge, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999, jẹ́ ọjà ńlá fún sọ́fítíwíà òmìnira. Ní ọdún 2013, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ìpolówó àti nǹkan tí a kò béèrè mọ́ ẹrù àwọn kan. Àwọn tí ń ṣe GIMP kó kúrò níbẹ̀ ní ọdún yẹn. Ní ọdún 2015, wọ́n tún rí i pé wọ́n ti di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ mọ́ GIMP. Ní ọdún 2016 ni àwọn olówó tuntun fòpin sí àṣà náà. Orísun tí àwọn tí wọ́n ṣe nǹkan náà fúnra wọn tọ́ka sí ni ó yẹ kí á ti pọnmi.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi sọ́fítíwíà kan sínú kọ̀ǹpútà ilé, kí ó má ṣe béèrè iye owó rẹ̀ nìkan. Kí ó ka ìwé àṣẹ rẹ̀. Kí ó wò ó bóyá kóòdù rẹ̀ wà níta, àti bóyá àwọn ènìyàn ṣì ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé oko tí ó ṣí sílẹ̀ tí kò ní àgbẹ̀ yóò di igbó. Olùkọ́ tí ó fi ogún ọdún kó ìwé Yorùbá jọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní láti mọ̀, láti òní, ẹni tí yóò lè ṣí wọn bí ilé-iṣẹ́ tí ó fún un ní ọ̀fẹ́ bá ti ìlẹ̀kùn.