Odi, Oko àti Odò: Ẹ̀kọ́ kan láti inú Ìtàn Òwu

Nílẹ̀ Yorùbá àtijọ́, odi kì í ṣe ààbò lọ́wọ́ ogun nìkan. Òun ni ó ń fi ibi tí ilé parí sí àti ibi tí oko gbé bẹ̀rẹ̀ hàn. Ìtàn Òwu jẹ́rìí sí èyí gidigidi.

Láàárín ọdún 1820 sí 1830 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ pa Òwu run, tí wọ́n sì fi òfin dè é pé a kò gbọdọ̀ tún un kọ́. Samuel Johnson kọ ọ́ pé wọ́n pàṣẹ pẹ̀lú pé, bí ó ti wù kí èrò pọ̀ tó ní Ẹ̀rúnmu, ìlú tí ó súnmọ́ ọn jù, odi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ààlà kan. Ní ọdún 1873, ìgbìmọ̀ Ìbàdàn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà mú kí a wó ilé oko kan tí a kọ́ sórí ahoro Òwu. Ìbínú ni ó bí òfin yìí, kì í ṣe ìfẹ́ ilẹ̀. Síbẹ̀ ó fi hàn pé àwọn àgbà mọ̀ pé a lè wí fún ìlú pé ìhín ni kí ó dúró sí.

Ní nǹkan bí ọdún 1834 ni àwọn Òwu dé Abẹ́òkúta, ìlú tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ilé wà nínú odi, oko wà lẹ́yìn rẹ̀. Àgbẹ̀ a máa sùn ní abà, a sì máa wálé fún ọdún àti ìsìnkú. Nígbà tí ogun tán, odi wó, ṣùgbọ́n a kò fi ààlà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láti 1976, tí Abẹ́òkúta ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ilé ti ń tẹ̀lé títì wọ inú oko lọ. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹbí kò dẹ́kun àtimáa gé oko tà ní púlọ́ọ̀tì.

Àdánù náà kò mọ sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ìsédò Ọ̀yán, tí a ṣí ní 1983, ń fi omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo àwọn odò kéékèèké tí ń gba inú ìlú ṣàn lọ sínú odò Ògùn. Igbó àti oko a máa fa òjò mu, wọn a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Símẹ́ńtì kò mọ èyíinì í ṣe. Ní 2018, omi ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní Abẹ́òkúta, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ogun ni ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Òwu nígbà kìíní. Lónìí, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń tà á. Bí ọ̀tá bá lè fi ààlà sí ìlú nítorí ìbínú, ó yẹ kí ọmọ onílùú lè fi í sí i nítorí oúnjẹ àti omi mímu. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.