Ó Le Kú: ìwé tó di fíìmù, fíìmù tó di aṣọ

Kò sí òde àríyá tẹ́ ẹ máa lọ ní Festac tàbí Amuwo-Odofin tẹ́ ẹ ò ní rí ọmọge tó wọ oleku: ìró tó mọ lórúnkún, bùbá alápá fífẹ̀, gèlè lórí. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni kò mọ̀ pé orúkọ ìwé ni.

Ìwé náà
Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ Ó Le Kú, ó sì jáde lọ́dún 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ni ìtàn náà dá lé. Ìyá rẹ̀ ti ń pariwo pé kó mú ìyàwó wálé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé obìnrin mẹ́ta ló wà nílẹ̀: Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Yorùbá ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ti Àjàní wá jẹ́ mẹ́ta!

Fíìmù náà
Lọ́dún 1997, Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lábẹ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Mainframe. Yẹmí Shódìmú ló ṣe Àjàní. Òun àti Ìṣọ̀lá ti jọ ṣe Kòṣeégbé lọ́dún 1995, wọ́n tún ṣe Ṣaworoidẹ lọ́dún 1999. Irú iṣẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé: lọ́dún 1960, Iosif Kheifits ní Soviet fi ìtàn ìfẹ́ kan tí Anton Chekhov kọ ṣe fíìmù.

Aṣọ náà
Kèlání fẹ́ kí fíìmù náà jọ ayé 1970, ló bá wọ àwọn ọmọge inú rẹ̀ láṣọ ìgbà náà. Bí fíìmù ṣe jáde, àwọn obìnrin gbé e lọ bá télọ̀, wọ́n sì sọ àrà náà ní "oleku". Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kọ́ Festac Town, fún àjọ̀dún àṣà ọdún 1977. Ẹ ṣí álúbọ́ọ̀mù màmá àgbà wò, ẹ ó rí i.

Kí ló wà níbẹ̀ fún wa?
"Ìgbà wo lo máa mú ìyàwó wá?" Ìbéèrè yẹn ò tíì kúrò nílé wa. Ohun tí Ìṣọ̀lá fi hàn wá ni pé bí ọkùnrin ò bá lè pinnu, àwọn obìnrin ló máa ń san gbèsè rẹ̀. Ìparí ìtàn náà kò dùn, mi ò sì ní bà á jẹ́ fún yín.

Ìṣọ̀lá papòdà ní February 2018. Aṣọ ṣì wà lára wa. Ẹ jẹ́ ká ka ìwé náà pẹ̀lú.