Ibà ti lọ, ara kò tíì dá: àìsàn tí ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ wọ kíláàsì

Ibà ti lọ, ara ọmọ kò gbóná mọ́, ó sì ti ń jẹun. Àwọn òbí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun, wọn a fọ yunifọ́ọ̀mù, ọmọ a padà sí ilé-ìwé. Kò ní í pẹ́ tí tíṣà yóò fi ránṣẹ́ wá pé ó ń sùn ní kíláàsì, pé ìṣirò tí ó mọ̀ dáadáa ní táàmù tó kọjá ti di ohun tí ó ń wò bí ẹni tí kò rí i rí. Nílé, a ó ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan a tilẹ̀ ní ayé ló ń ṣe é. Ohun tí a fẹ́ kí àwọn òbí ní Obbo-Ilé, Ọ̀sí, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká mọ̀ ni pé àìsàn kan wà tí kì í tán ní ọjọ́ tí ibà bá tán, àti pé ẹgba kò sí lára oògùn rẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni ó sábà máa ń fà á. Kòkòrò yìí kéré púpọ̀ ju èyí tí ó ń fa táífọ́ọ̀dù lọ, àwọn oògùn tí à ń rà ní kẹ́mísì fún táífọ́ọ̀dù kò sì lè pa á. Ara fúnra rẹ̀ ni ó máa ń bá a jà. Nígbà mìíràn ìjà a parí, ṣùgbọ́n ara kò ní tètè padà sípò. Oorun kò ní í mú àárẹ̀ ọmọ náà kúrò. Orí a máa fọ́ ọ, òòyì a máa kọ́ ọ tí ó bá dìde, àyà rẹ̀ a máa lù kìkì, yóò ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé e. Àmì tí ó yẹ kí òbí ṣọ́ jù ni èyí: bí ó bá ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ lónìí, ọ̀la tàbí ọ̀tunla ni yóò dá a dùbúlẹ̀. Ó lọ sí oko ní Sátidé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Ajé kò lè dìde. Ọ̀lẹ kì í ṣe báyẹn. Ọ̀lẹ kì í lọ sí oko rárá.

Kòrónà ló jẹ́ kí ayé gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ohun tí a lè pè ní kòrónà tí kò tán lára ọmọdé àti ọ̀dọ́: àwọn àmì tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ọmọ kó àrùn náà, tí wọ́n sì wà lára rẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀lé ọ̀dọ́ 301 tí ibà tí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr ń fà ti mú, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àárẹ̀ ṣì di nǹkan bí 13 mú nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn ọdún kan, 7. Lẹ́yìn ọdún méjì, 4. Ìtùnú wà nínú rẹ̀ fún òbí: ọ̀pọ̀ wọn ni ara wọn dá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó.

Èyí tí ó sún mọ́ wa jù ni ibà Lassa. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní 1969, ṣùgbọ́n lónìí Òǹdó àti Ẹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń dààmú jù, Ọ̀wọ̀ kò sì jìnnà sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Eku ní ń gbé e wọ inú gàrí àti oúnjẹ tí a kò bò. Nínú ẹni mẹ́wàá tí ó kó o, bí ẹni mẹ́jọ kì í ní àmì kan tó le, nítorí náà ó rọrùn kí a pè é ní ibà lásán, kí a sì ra oògùn ibà. WHO sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó yè é máa ń di adití. Nínú ìdajì wọn, etí a padà díẹ̀ láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Kò sì di dandan kí àìsàn náà le kí etí tó lọ.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí ọ̀dọ́ tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Tíṣà pè é láti ẹ̀yìn, kò dáhùn. Wọ́n ń ka ìwé fún wọn láti kọ, ó ń wo ìwé ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n ní ó ń jíwèé wò. Ní ilé kéwú, àwa alfa mọ bí a ṣe ń kọ́ni: a ó kà, ọmọ a kà tẹ̀lé wa. Àwọn ìró tí ó tín-ín-rín ni etí tó bàjẹ́ báyìí sábà máa ń kọ́kọ́ pàdánù, nítorí náà Sīn, Ṣād àti Thā’ a di ọ̀kan náà létí rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ń ka súrà gígùn tẹ́lẹ̀ a wá máa ṣe àṣìṣe níbi tí kò ti ṣe é rí. A ó ní kò gbọ́ràn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá ni. Kí alfa tó mú ẹgba, ó yẹ kí ó dúró sí ẹ̀yìn ọmọ náà, kí ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ó wò bóyá yóò dáhùn. Bí kò bá dáhùn, ọ̀dọ̀ dókítà etí ló kàn, bí irú èyí tó wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin.

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ló jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì o. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó, ikọ́ ife, ìtọ̀ ṣúgà, fòníkú-fọ̀ladìde, títí kan ìbànújẹ́ ọkàn, gbogbo wọn lè dà bí ara wọn. Nítorí náà, kí a kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn. Ní tiwa, owó púpọ̀ ló ń ṣòfò lórí omi tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn. Kò sí oògùn kan tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń lé àárẹ̀ yìí lọ ní kíákíá.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí a dín ẹrù kù. Ẹ ka iṣẹ́ ọjọ́ kan fún ọ̀dọ́ ní ìlú wa: ó jí fún ìrun Súbúhì, ó pọn omi, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé, ó dé lọ́sàn-án, ó gba ilé kéwú lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó tún ka ìwé lálẹ́. Ara tó dá ṣáṣá ni ó ń gbé èyí. Òbí lè bẹ ọ̀gá àgbà pé kí ọmọ máa ṣe ìdajì ọjọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí ó jókòó síwájú, kí ọ̀rẹ́ kan máa bá a kọ nóòtì, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gígé koríko àti eré sísá. Ilé kéwú náà lè di ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Fífi ipá mú un kí ara lè le kò dára: ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àjọ tí ó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní Bìrìtìkó, NICE, ní kí àwọn dókítà má ṣe fún àwọn tí irú àárẹ̀ yìí ti di bárakú sí lára ní eré ìdárayá tí à ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ mọ́. Bí ìdánwò WAEC bá sì bọ́ sí àárín rẹ̀, ó sàn kí ó dúró di ọdún tí ń bọ̀ ju kí ó jókòó tì í pẹ̀lú orí fífọ́.

Nípa ààwẹ̀, a ti gbọ́ tí àwọn òbí ń sọ pé ọmọ ti bàlágà, kò sí àwíjàre. Àwíjàre wà. Súrà Bákárà, áyà 184 àti 185, fi ààyè sílẹ̀ fún aláìsàn láti san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Hádíìsì Imrān ọmọ Ḥuṣayn tí Bukhārī gbà wá sì fi hàn pé ẹni tí kò lè dúró kírun lè jókòó, ẹni tí kò lè jókòó lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọmọ tí ààwẹ̀ ọjọ́ kan ń dá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, aláìsàn ni.

Kí òbí tó lọ bá dókítà, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú ìwé: wákàtí tí ọmọ sùn, ohun tí ó ṣe lójúmọ́, ọjọ́ tí kò lè dìde, àti ìgbà tí ibà àkọ́kọ́ mú un. Kí ó mú ìwé náà lọ́wọ́, kí ó sì mú ọ̀kan irú rẹ̀ fún tíṣà kíláàsì.