Téèbù Tí Kò Sí Orúkọ Adéwálé

Orúkọ ló kọ́kọ́ mú wa. Àwa mẹ́rin la jọ ń kọ sọ́fítíwìà nínú yàrá kan ní Àpáta, Ìbàdàn, kò jìnnà sí Moor Plantation. Ní alẹ́ ọjọ́ Sunday kan lọ́dún 2021, iná wà, dátà wà, ọ̀kan nínú wa sì ń wo bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà lórí láptọ́ọ̀pù, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá ju ẹsẹ̀ lọ. Bí ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ New York Giants ṣe yọ láti ẹ̀gbẹ́ nìyẹn, ó gbé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣánlẹ̀. Nígbà tó dìde tó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà, a ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ rẹ̀: OJULARI. Yàrá kọ́kọ́ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wa pariwo pọ̀: "Háà! Ọmọ wa nìyí!"

Láti ọjọ́ náà la ti wọ inú eré tí a kò mọ òfin rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ìwọ̀nba tí ẹ nílò. Ènìyàn 11 ló ń kojú 11. Ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní quarterback ló máa ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní apá kejì, ẹni tó dúró sí ìpẹ̀kun ìlà àwọn tó ń dènà ni defensive end. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dé ọ̀dọ̀ quarterback kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ ẹni yẹn, àsìkò tó sì ní kì í sábà ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta lọ. Òmìrán kan tó sábà máa ń wọ̀n ju kìlógíráàmù 130 lọ ló dúró síwájú rẹ̀ láti dá a dúró. Bó bá borí òmìrán yìí tó sì gbé quarterback lulẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, sack kan nìyẹn. Bí ẹni méjì bá jọ gbé e lulẹ̀, wọn á pín in ní ìdajì-ìdajì. Láti ọdún 1982 ni NFL ti ń ka sack sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí òfin.

Draft wá ni ọjà tí wọ́n ti ń mú àwọn ọmọ yunifásítì. Lóṣù April ọdọọdún, àwọn ẹgbẹ́ 32 máa ń tò, ẹni tó ṣe ìdọ̀tí jù lọ lọ́dún tó kọjá ló máa kọ́kọ́ mú. Ọdún 1936 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, nígbà tí ẹgbẹ́ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Bert Bell, ọ̀gá ẹgbẹ́ Eagles, ló mú àbá náà wá, nítorí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ń jìyà. Òun ló sì kọ́kọ́ mú. Ó mú Jay Berwanger, ìràwọ̀ tó tàn jù lọ ní yunifásítì nígbà náà. Berwanger kò gbá bọ́ọ̀lù olówó yìí fún ọjọ́ kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe ti wà níbẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yẹ defensive end wò? Àwọn scout á kọ́kọ́ wo fídíò rẹ̀ títí ojú á fi bó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe àwọn tó dáńtọ́ sí Indianapolis, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní combine láti ọdún 1987. Níbẹ̀, ọmọ náà á sá eré yáàdì 40, bíi mítà 37. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í wo gbogbo yáàdì 40 yẹn fún defensive end, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nínú eré. Yáàdì 10 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wò, bó ṣe ń fò kúrò nílẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò ta. Á fò sókè, á fò síwájú, á sáré yípo kóònù mẹ́ta kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó lè tẹ̀ láìṣubú. Wọ́n á gbé irin tó wọ̀n tó kìlógíráàmù 102 fún un pé kó gbé e sókè iye ìgbà tó bá lè gbé e. Wọ́n á wọn apá rẹ̀, nítorí ẹni tí apá rẹ̀ gùn ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kan òmìrán yẹn láyà. Wọ́n á wọn àtẹ́lẹwọ́ pàápàá.

Àwọn dókítà ló kù. Àwọn ni wọ́n tìtorí wọn dá irú àpéjọ yìí sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ kan má baà máa ti ìlú dé ìlú fún àyẹ̀wò kan náà. Dókítà ẹgbẹ́ kan á fa orúnkún rẹ̀, òmíràn á tún fà á. Ká sòótọ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí a wo fídíò rẹ̀, ọjà àgbò Iléyá ló wá sí wa lọ́kàn: ẹni tó ń ya ẹnu àgbò láti ka eyín, ẹni tó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa sọ pé òun rántí ọjà mìíràn tó burú ju ti àgbò lọ, pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń wọ̀n yẹn. A kò rí èsì fún un. Owó tí àwọn ọmọ náà ń gbà kò mú kí àwòrán náà dùn ún wò.

Báyìí la ṣe dé ọ̀dọ̀ Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ. Ọdún 1977 ni wọ́n bí i ní Brooklyn, ní New York, Staten Island ló ti gbá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ gírámà, Yunifásítì Indiana ló lọ. Defensive end ni, ó sì dára débi pé òun ló fi sack tó pọ̀ jù lọ sílẹ̀ nínú ìtàn yunifásítì náà. Lọ́dún 1999 tó jẹ́ ọdún rẹ̀ tó kẹ́yìn níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí draft ọdún 2000 dé, àwọn ẹgbẹ́ pe orúkọ 254. Wọn kò pe tirẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ pè lọ́dún náà, defensive end lòun náà: Courtney Brown, láti Penn State, ẹgbẹ́ Cleveland Browns ló mú un. Bí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin náà á mú un. Ó ga, ó yára, sack kún ọwọ́ rẹ̀ ní yunifásítì.

Adéwálé lọ sí Miami Dolphins láìsí draft, bí ẹni tó bá ẹ̀yìnkùlé wọlé àríyá. Kò gbá bọ́ọ̀lù rárá lọ́dún 2000, orúnkún ló ń tọ́jú. Lọ́dún 2001, ìdajì sack péré ló ní. Ọdún 2002, 9.5. Ọdún 2003, 15, kò sì sí ẹni tó ní tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ẹgbẹ́ 16 tó wà nínú AFC, ìdajì líìgì náà. Ẹni tí wọn kò mú ní draft kò tíì dé orí òkè yẹn rí kó tó dé ibẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé Jason Taylor ló wà ní ìpẹ̀kun kejì, pé òun ni gbogbo ọ̀tá ń bẹ̀rù, pé Adéwálé kàn ń jẹ nínú àwo ẹlòmíràn ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Taylor lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2004, Chicago Bears fi Marty Booker, agbábọ́ọ̀lù tó lórúkọ, pẹ̀lú ipò kan ní ìpele kẹta draft tó ń bọ̀ gbà á lọ́wọ́ Miami. Ní Chicago, kò sí Taylor, ó sì ní sack 10 lọ́dún 2005. Ó bá wọn dé Super Bowl ti oṣù February 2007, níbi tí Colts ti nà wọ́n 29 sí 17. Nígbà tó fi máa parí, ó ti lo sáà mẹ́wàá lórí pápá, ó sì ní sack 67. Courtney Brown ní 19. A kò sọ èyí láti fi Brown ṣẹ̀sín o. Ọ̀gbẹ́ lórí ọ̀gbẹ́ ni kò jẹ́ kó gbèrú. Ohun tó ń yà wá lẹ́nu ni pé ara tí wọ́n fi sí ipò kìn-ín-ní ló kọ̀ láti dúró, orúnkún tí wọ́n sá fún ló gbé olówó rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá.

Ibi tí iṣẹ́ tiwa ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí ẹ bá fi àwọn tó kàwé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ pẹ̀lú eré ìdárayá, wọ́n á fẹ́ kọ módẹ́ẹ̀lì. A wa téèbù draft láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: ọdún, ìpele, ipò, orúkọ, yunifásítì, sack. A fẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ fún wa irú ọmọ tó máa di defensive end gidi. Code náà ṣiṣẹ́, inú wa dùn. Ni ẹnì kan bá ní ká wá Ògúnlẹ́yẹ wò níbẹ̀.

Kò sí. Kì í ṣe pé àyè rẹ̀ ṣófo, ìlà rẹ̀ gan-an ni kò sí. A kọ́kọ́ rò pé àwa la ṣe àṣìṣe nígbà tí a ń fọ dátà. A wo code títí di aago méjì òru kí ó tó yé wa pé code kò ní àìsàn kankan. Àwọn tí wọ́n mú nìkan ló wà nínú téèbù draft. A ti rò pé ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù la gbé lọ́wọ́, kò mọ̀ pé ìtàn àwọn tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ni. Ojú àwọn scout ni módẹ́ẹ̀lì wa ń kọ́, kì í ṣe ọwọ́ àwọn ọmọ.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation níbí kò lè bọ́ sínú irú kòtò yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ dán irúgbìn àgbàdo tuntun wò, wọ́n á gbin ti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn tí ojú wọn kò fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni wọ́n máa fi mọ̀ pé tuntun dára jù? Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kì í gbin ẹni tí kò wù wọ́n.

Ọ̀kan nínú wa kò rẹ́rìn-ín ní òru yẹn. Third Class ló gbé jáde ní yunifásítì, nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn lọ́dún tó kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan ju ìwé rẹ̀ nù láì bi í ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, èmi náà kò sí nínú téèbù wọn." Òun ló kọ apá tó le jù nínú gbogbo ohun tí à ń tà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Azeez Ojulari tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lóòótọ́, outside linebacker ni Georgia ń pe ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni: dé ọ̀dọ̀ quarterback. Iṣan orúnkún rẹ̀ já nígbà tó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ní Marietta, lọ́dún 2017. Ó padà. Lọ́dún 2020, òun ló ní sack tó pọ̀ jù nínú SEC, líìgì yunifásítì tó le jù, 8.5. Nínú Peach Bowl ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 2021, ó ní sack mẹ́ta lójú Cincinnati, ẹ̀kẹta ló sì fi pa ilẹ̀kùn eré náà dé. Kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n ṣe combine bó ṣe yẹ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò dókítà kò yẹ̀. Ní ọjọ́ draft, a gbọ́ pé orúnkún àtijọ́ yẹn tún ti dẹ́rù ba àwọn kan. Ipò 50 ló bọ́ sí. Odafe Oweh, ọmọ Nàìjíríà mìíràn láti Penn State, kò ní sack kankan ní sáà tó kẹ́yìn, ipò 31 ni Baltimore ti mú un. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ o: Oweh ń sáré bí àgbọ̀nrín, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ eré náà ni. Lọ́dún àkọ́kọ́ wọn, Ojulari ní 8, Oweh ní 5.

Bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn á dùn: orúnkún kejì tí dókítà ṣì jẹ́. A kò lè dúró síbẹ̀. Lọ́dún 2022, eré méje péré ni Ojulari gbá. Ní 2023, 11. Ní 2024, 11 náà. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló kọ́kọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà iṣan itan àti ọrùn ẹsẹ̀. Orúnkún tí wọ́n bẹ̀rù wà ní ipò rẹ̀. Ṣé àwọn dókítà jàre nígbà náà? Wọ́n bẹ̀rù pé kò ní lè máa wà lórí pápá, kò sì lè máa wà níbẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ibi kan, ibòmíràn ló bàjẹ́. Àríyànjiyàn yẹn kò tíì parí láàárín wa. Àbúrò rẹ̀, BJ, tí Arizona Cardinals mú sí ipò 41 lọ́dún 2023, orúnkún tirẹ̀ ló já lọ́dún 2024, kò sì gbá bọ́ọ̀lù kankan ní sáà náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a pinnu láti fi ọwọ́ ara wa kọ ìlà tó sọnù sínú téèbù. Orúkọ: Adewale Ogunleye. Ọdún: 2000. Yunifásítì: Indiana. Sack: 67. Ìpele: òfo. Ipò: òfo. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Nọ́ńbà ló fẹ́ ní àyè ipò, kò mọ òfo. Ẹnì kan ní ká kọ 255, ká lè rí i ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbé Third Class jáde ní rárá, pé ẹni tó bá kọ 255 ń sọ pé Adéwálé ló kàn lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn, pé wọ́n ti ń nawọ́ sí i kí àsìkò tó tán. Ó ní wọn kò nawọ́ sí i.

A fi òfo náà sílẹ̀. Códe náà kò tíì ṣiṣẹ́ títí di àkókò tí à ń kọ èyí.